Àṣà Ojoojúmọ́ àti Ẹ̀mí Gígùn: Àgbéyẹ̀wò Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn nípa Ìlera àti Ayọ̀

Ìfáàrà

Nínú gbogbo ire tí Yorùbá máa ń tọrọ, ire àìkú ni wọ́n kà sí olórí, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó lówó, tó bímọ, tó sì kọ́lé, bí kò bá pẹ́ láyé láti gbádùn wọn, ẹlòmíràn ni yóò jogún wọn. Síbẹ̀, kì í ṣe pípẹ́ láyé nìkan ni àdúrà náà dá lé. Wọn a máa fi kún un pé kí ẹni náà má darúgbó sínú àìsàn, kí ojú rẹ̀ máa ríran, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e, kí ó sì rí ènìyàn tọ́jú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló pàdé nínú irú àdúrà bẹ́ẹ̀: ẹ̀mí gígùn, ara líle àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí náà sì ni àwọn onímọ̀ ìlera ti ń wádìí ní onírúurú orílẹ̀-èdè láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ dáhùn ni pé, nínú ohun tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́, èwo ló ń fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀, èwo ló ń bù ú kù, báwo sì ni ẹ̀rí tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó? Àṣà ojoojúmọ́ níhìn-ín ni ìwà tí ènìyàn ti ń hù títí tó fi mọ́ ọn lára: oúnjẹ tó ń jẹ, bó ṣe ń rìn, ìgbà tó ń sùn, ohun tó ń mu àti àwọn tó ń bá kẹ́gbẹ́. Èrò tí ẹ̀rí gbé ró ni pé púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ẹ̀mí gùn kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàjèjì sí ìgbé ayé Yorùbá, ṣùgbọ́n ìlú tó ń yí padà kíákíá ti ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àfi kí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdílé àti ìjọba jọ dì í mú.

Àyànmọ́, Ìdílé àti Ìwà

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní yíyanjú ni èrò tó wọ́pọ̀ pé orí ló ń pín ọjọ́ ayé, tàbí pé ìdílé kan a máa pẹ́ láyé tí òmíràn kì í sì í pẹ́. Ní ọdún 1996, àwọn olùwádìí ní Denmark gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìbejì tí a bí láàárín ọdún 1870 sí 1900, tí iye wọn lé ní orí ìbejì 2,800. Wọ́n fi àwọn ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá wé àwọn tó ti inú ẹyin méjì wá, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ ayé àwọn ènìyàn ló ti inú àjogúnbá wá. Ibi tí ènìyàn ń gbé, ìwà tó ń hù àti ohun tó bá a pàdé láyé ló ni ìyókù.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ Yorùbá jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ìbejì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti láti Ìbàdàn. Ní ọdún 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan tó ń gbà kọjá ju bó ti yẹ lọ. Àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n yẹ̀ wò, àwọn kan ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn kan ní àwọn erékùṣù Caribbean, àwọn yòókù ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó di 26 ní Caribbean, ó sì di 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà ni gbogbo wọn ní, ṣùgbọ́n bí ìsanra àti iyọ̀ inú oúnjẹ ṣe ń pọ̀ sí i láti ibì kan dé èkejì ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i.

Ìwádìí mìíràn tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Hugh Hendrie wà lára àwọn tó darí rẹ̀, fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn wé àwọn adúláwọ̀ ní ìlú Indianapolis. Àrùn tí wọ́n ń wá ni èyí tó ń mú kí iyè àgbàlagbà máa rà díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní í mọ ilé tàbí ọmọ rẹ̀ mọ́. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé láàárín ọdún kan, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lára àwọn ará Ìbàdàn tó ti lé ní ọdún márùnlélọ́gọ́ta, nígbà tí ó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Àwọn ará Ìdíkàn kò sanra tó àwọn ti Indianapolis, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì pọ̀ tó tiwọn. Ìwádìí méjèèjì yìí kò sọ pé àjogúnbá kò níṣẹ́ tó ń ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ohun tí a jogún lè sùn sára ẹnì kan títí láé, kí ó sì jí lára ẹlòmíràn nítorí ìgbé ayé rẹ̀.

Bí Ìmọ̀ Náà Ṣe Kóra Jọ

Ọ̀nà tí irú ìmọ̀ yìí ń gbà wá ni pé kí àwọn olùwádìí kọ ìgbé ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le, kí wọ́n sì máa bá wọn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti mọ ẹni tó ṣàìsàn àti ẹni tó kú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ènìyàn 5,209 ní ọdún 1948, tí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti sìgá ni olórí ohun tó ń fa àrùn ọkàn. Ní ìpínlẹ̀ California, Lester Breslow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 1965 pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,000. Wọ́n yan àṣà méje: oorun wákàtí méje tàbí mẹ́jọ, yíyẹra fún sìgá, àìmu ọtí ní àmujù, àìsanrajù, eré ìdárayá, oúnjẹ àárọ̀, àti àìjẹ ìpanu láàárín oúnjẹ. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó di mẹ́fà tàbí gbogbo wọn mú ní ìrètí àtipẹ́ láyé ju ẹni tí kò di mẹ́rin mú lọ pẹ̀lú nǹkan bí ọdún mọ́kànlá.

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Harvard yẹ àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 120,000 wò lórí àṣà márùn-ún: àìmu sìgá rárá, ìwọ̀n ara tó yẹ, eré ìdárayá fún ìdajì wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, oúnjẹ tó dára àti ìkóra-ẹni-níjàánu nídìí ọtí. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó ń pa márààrún mọ́ ṣì ní ọdún 43 níwájú, nígbà tí ẹni tí kò pa ọ̀kan mọ́ ní 29. Ní ti àwọn ọkùnrin, 37.6 ni sí 25.5.

Oúnjẹ

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni Yorùbá wí, ìwádìí sì ti gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólàbí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà jáde lórí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tó ń wáyé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá rí ọ̀nà dé apá kan ọpọlọ, tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n fi ènìyàn 2,118 tí àrùn náà mú wé iye kan náà tí kò mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n lára àwọn mọ́kànlá tí wọ́n kà, a tún rí ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù dáadáa, àti bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti délẹ̀ lórí tábìlì. Ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ wà nínú ewu tó ju ìlọ́po méjì ti ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Èyí túmọ̀ sí pé ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewúro, gbúre àti ewédú, tí àwọn kan ń wò bí oúnjẹ ẹni tí kò lówó ẹran, wà lára ohun tó ń dáàbò bo ọpọlọ. Bákan náà ni ẹ̀wà, mọ́ín-mọ́ín àti ìrẹsì ọ̀fadà, tí a kì í bó èèpo inú rẹ̀ tán bíi ti ìrẹsì òkèèrè, ń fún ara ní okun tó ń pẹ́ nínú, wọn kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń gba ipò wọn ní ìlú ńlá ni búrẹ́dì funfun, oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìwọ̀n tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, kí èso àti ẹ̀fọ́ sì tó gíráàmù 400. Iyọ̀ tó wà nínú mágí àti búrẹ́dì wà lára ìṣirò yìí, nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé òun kì í bu iyọ̀ lè ti jẹ ju ìwọ̀n lọ kó tó mọ̀. Ìyípadà tó rọrùn jù fún ìdílé ni kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i nínú àwo, kí òkèlè dín kù, kí àgé iyọ̀ sì kúrò lórí tábìlì.

Ìrìn àti Iṣẹ́ Ara

Ní ọdún 1953, Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ ń jókòó ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, nígbà tí ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò. Àrùn ọkàn kò mú àwọn agbowó tó bó ṣe mú àwọn awakọ̀, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rí ti ń gorí ara wọn pé ara tí a kò lò a máa bàjẹ́.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ara tó mọ níwọ̀n, irú èyí tó ń mú èémí yára ṣùgbọ́n tí ènìyàn ṣì lè máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe é, kí ó sì fi iṣẹ́ tó ń mú iṣan le kún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé ìṣísẹ̀ 10,000 ni dandan, ṣùgbọ́n inú ìpolówó ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ ní Japan ní nǹkan bí ọdún 1965 ni iye náà ti jáde. Nígbà tí I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìyá àgbà tó lé ní 16,000 wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i ní ọdún 2019 pé àwọn tó ń rin nǹkan bí ìṣísẹ̀ 4,400 lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rin 2,700, àti pé àǹfààní náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́ lẹ́yìn 7,500. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún àgbàlagbà, nítorí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé ni.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò nílò ìmọ̀ràn yìí, torí pé oko jìn, ọjà jìn, omi sì jìn. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ti gba ìrìn lọ́wọ́ ará ìlú, ìjókòó ọ́fíìsì àti ti ìsọ̀ ọjà sì ti gba ìyókù. Nítorí náà, ohun tí iṣẹ́ oòjọ́ ń ṣe fún ara tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yà sọ́tọ̀ báyìí: kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé ilé, kí ó gun àtẹ̀gùn, kí ó dáko ẹ̀yìnkùlé, kí ó sì máa jó dáadáa bí àyè rẹ̀ bá yọ.

Sìgá àti Ọtí

Kò sí àṣà tí ẹ̀rí ìpalára rẹ̀ lágbára tó ti sìgá. Richard Doll àti Austin Bradford Hill bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1951. Àbájáde àádọ́ta ọdún tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 fi hàn pé ẹni tó ń mu sìgá títí ayé ń pàdánù nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìrètí tún wà nínú rẹ̀: ẹni tó jáwọ́ ní ọgọ́ta ọdún rí ọdún mẹ́ta gbà padà, ẹni tó jáwọ́ ní àádọ́ta rí mẹ́fà, ní ogójì ó rí mẹ́sàn-án, ní ọgbọ̀n ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo rẹ̀.

Ní ti ọtí, èrò àwọn onímọ̀ ti yí padà. Nígbà kan, wọ́n gbà pé díẹ̀ ń ṣe ọkàn lóore, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kà sí aláìmutí nínú ìwádìí ìgbà náà ló jẹ́ pé àìsàn ló mú wọn fi í sílẹ̀. Láti ọdún 1988 ni a ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ ní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì kò yọ sílẹ̀, nítorí pé ewé àti egbò tó wà nínú rẹ̀ kò sọ ọtí di oògùn.

Oorun

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2015 ni pé kí àgbàlagbà sùn tó wákàtí méje ó kéré tán. Àkójọpọ̀ ìwádìí mẹ́rìndínlógún tí a gbé jáde ní ọdún 2010, tó kó ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan mọ́ra, fi hàn pé ikú tètè ń pa àwọn tí oorun wọn kéré ju ti àwọn tó ń sùn tó lọ. Àwọn tó ń sùn ju bó ti yẹ náà tètè ń kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ló ń fa irú oorun bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ Èkó tó ń jí kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ooru kò sì jẹ́ kó fojú kan oorun lóru, kò lè yanjú gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ó lè gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn, kí ó máa sùn ní àkókò kan náà, kí ó sì má jẹun wúwo mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ènìyàn Laṣọ

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ olùwádìí lẹ́nu jù ni ipa tí ìbáṣepọ̀ ń kó. Ìwádìí tí Harvard bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1938 lórí ìgbé ayé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, tó sì ń tẹ̀ síwájú títí di òní, ti fi hàn pé ìbáṣepọ̀ tó dán mọ́rán ń sọ bí ara àti ọkàn yóò ṣe rí lọ́jọ́ ogbó ju owó tàbí òkìkí lọ. Ní ọdún 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 148 pọ̀, tó jẹ́ ti ènìyàn tó lé ní 300,000, wọ́n sì rí i pé àǹfààní láti wà láàyè fi ìdajì pọ̀ fún ẹni tó lénìyàn ju ẹni tó dá wà lọ. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé darí láti Ìbàdàn, lórí àwọn àgbàlagbà ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, gbe èyí lẹ́yìn: kíkópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti àdúgbò wà lára ohun tó ń mú ìgbé ayé wọn dára jù.

Iyì tí a ń fún ọjọ́ ogbó náà ní ipa tirẹ̀. Becca Levy rí i ní ọdún 2002, láàárín àwọn ará ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, pé àwọn tó ń fi ojú rere wo ogbó ara wọn pẹ́ láyé ju àwọn tó ń fojú burúkú wò ó lọ pẹ̀lú ọdún méje àbọ̀. Ìwádìí mìíràn ní Bronx ní ọdún 2003, lórí àgbàlagbà 469, fi hàn pé iyè àwọn tó ń kàwé, tó ń ta ayò orí tábìlì, tó ń lu ohun èlò orin tàbí tó ń jó kò tètè rà. Ọpọ́n ayò abẹ́ igi, ìpàdé ẹgbẹ́, ìjọ àti mọ́sáláṣí jẹ́ ibi ìtọ́jú ara lọ́nà yìí. Ewu tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti lọ sí òkè òkun, owó ń wọlé fún òbí, ṣùgbọ́n ilé dá. Owó yìí ṣe kókó, àmọ́ kò lè rọ́pò ẹni tó ń wọlé wá béèrè bí ara ti jí.

Ìmọ́tótó àti Àyẹ̀wò Ara

Ní ilẹ̀ olóoru, ẹ̀mí gígùn kò lè dúró lórí oúnjẹ àti ìrìn nìkan, nítorí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ṣì ń pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Fífọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mímu omi tó mọ́, sísùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n fi oògùn sí àti gbígba àjẹsára ni ìpìlẹ̀ tí ìyókù dúró lé. Fún àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀tá tí kì í kan ilẹ̀kùn: ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí orí fífọ́ tàbí òòyì. Àfi kí a fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, bí ó bá sì ti ń dé 140 lórí 90 léraléra, ó di ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ara ti tù ú, torí oògùn náà ló ń mú kí ara tù ú.

Ibi tí Ẹ̀rí Kò Tíì Dúró Ṣinṣin

Kò yẹ kí a gbé gbogbo àbájáde yìí sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹni tó ń rìn púpọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti dá tẹ́lẹ̀, ẹni tó lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀ sì lè jẹ́ ẹni tó rí owó tọ́jú ara rẹ̀. Àwọn olùwádìí ń gbìyànjú láti yọ irú èyí kúrò nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n wọn kì í lè yọ ọ́ tán. Oúnjẹ àárọ̀ àti ìpanu tí Breslow kà mọ́ àṣà méje kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bíi ti sìgá mọ́. Àwọn agbègbè tí òkìkí wọn kàn pé àwọn ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún pọ̀ níbẹ̀, bí Okinawa àti Sardinia, ti di ohun àríyànjiyàn, nítorí olùwádìí kan, Saul Newman, ti fi hàn pé àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí a máa kún fún àṣìṣe. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn mọ ìṣòro yìí dáadáa: wọ́n máa ń lo àtòkọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn, bí ogun àti oyè jíjẹ, láti díwọ̀n ọjọ́ orí àwọn arúgbó tí a kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀.

Ojúṣe Ìjọba àti Àwùjọ

Ẹ̀bi kò yẹ kó wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan. Ní agbègbè North Karelia ní Finland, àrùn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin lọ rẹpẹtẹ títí di ọdún 1972, nígbà tí Pekka Puska àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó kan ilé ìdáná, ilé-ẹ̀kọ́, àwọn àgbẹ̀ àti ilé iṣẹ́ oúnjẹ. Láàárín ogójì ọdún, irú ikú bẹ́ẹ̀ fi ohun tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn ọkùnrin tó wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́. Nàìjíríà ti ṣe òfin ìṣàkóso tábà ní ọdún 2015, òfin ìnáwó ọdún 2021 sì fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n òpópónà tí kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, ilé ìwòsàn alábọ́dé tí kò ní ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹ̀fọ́ tó ti ń wọ́n ju ẹlẹ́rìndòdò lọ ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹni tí ebi ń pa kò lè yan oúnjẹ. Ìjọba tó bá fẹ́ kí ará ìlú pẹ́ láyé gbọ́dọ̀ mú kí ohun tó dára jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè tó.

Ìparí

Bí a bá to ẹ̀rí wọ̀nyí bí wọ́n ṣe lágbára tó, yíyẹra fún sìgá àti mímọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru ló ṣíwájú, lẹ́yìn náà ni iyọ̀ díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ púpọ̀, ìrìn, oorun tó tó, àti ìbáṣepọ̀ tí a ń tọ́jú lójoojúmọ́. Kò sí èyí tó nílò ọrọ̀ ńlá nínú wọn, kò sì sí ọjọ́ orí tí àǹfààní rẹ̀ ti tán, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà tó fi sìgá sílẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún ti fi hàn. Ṣùgbọ́n ibi tí àṣà ti ń wọ ènìyàn lára jù ni ilé, nígbà tí ó ṣì kéré. Ọmọ tó mọ adùn ẹ̀fọ́ láti inú ìkòkò ìyá rẹ̀, tó rí baba rẹ̀ tó ń rìn, tó sì dàgbà láàárín àwọn arúgbó tí a ń bọ̀wọ̀ fún, yóò nílò ìmọ̀ràn dókítà kéré sí i lọ́jọ́ iwájú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ìdílé tó bá tún àṣà rẹ̀ ṣe lónìí ti fi ire àìkú sí ọ̀nà fún ìran tó ń bọ̀.